Ọjọ́ Tí A Tẹ Pósítà Alátakò Wa

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ atẹ̀wé Ṣómólú tí ẹ ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, ẹ̀yìn ni mò ń wò yìí o, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti ṣubú. Ìjà tí ẹ ń bèèrè kò tíì di ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọdún tí mo ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní yunifásítì láti fẹ̀yìn tì ni, ọdún ìdìbò káńsù, nígbà tí púpọ̀ nínú yín ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ lè rántí ariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò sí nínú yàrá tí a ti pinnu ohun tí a pinnu.

Abúlé Òkúta ni wọ́n bí mi sí, ní Bàrígà níbí. Ìjẹ̀bú ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe ni pé kí n máa lọ bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń jà fún ilẹ̀ wọn, fún odò wọn tàbí fún ọjà wọn, kí n máa bi wọ́n ní ìbéèrè, kí n sì máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Mo ti jókòó ti àwọn apẹja tí epo ba omi wọn jẹ́. Mo ti sùn nínú abà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti fi oko baba wọn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Apá kejì iṣẹ́ mi ni àwọn olóṣèlú tí wọ́n máa ń yọ sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á ní ọmọ mẹ̀kúnnù làwọn, tí wọ́n á jókòó jẹ ẹ̀wà lójú títì kí wọ́n lè rí fọ́tò yà. Mo kọ ìwé nípa wọn, mo sì fi wọ́n kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ títí irun mi fi funfun. Bí ó bá ku ẹnìkan tó yẹ kó dá wọn mọ̀ láti ọ̀ọ́kán, èmi ni.

Ọ̀rẹ́ mi Sìkírátù, tí ẹ̀yin mọ̀ sí Àlàájà, ló sọ mí di ará Ṣómólú. Ilé-ìwé kan náà la lọ. Mùsùlùmí oníṣòwò ará Ìsàlẹ̀ Èkó ni àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ wá sí Ṣómólú kí wọ́n tó bí i. Bí a bá ti jáde ilé-ìwé, ẹnu ṣọ́ọ̀bù wọn la máa ń jókòó sí, tí a ó máa ka àwọn bébà tí iṣẹ́ bàjẹ́ lára wọn: ìwé ìkéde òkú, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àwọn ìjọ tí a kò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka ohun tí kò kan ni, mo sì wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn íǹkì, Sìkírá ni mo máa ń rántí, àárò rẹ̀ á sì máa sọ mí.

Ẹ̀yin mọ bí àdúgbò yín ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àlejò lè ka ìwé yìí. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣómólú tó máa ń dá iṣẹ́ ṣe tán. Ẹnìkan á yàwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn á ṣe pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgébébà á gé e, àwọn obìnrin tó jókòó sí abẹ́ ìbòòji á ká a, wọ́n á sì dì í. Orí ènìyàn àti ọmọlanke ni iṣẹ́ fi ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí èyí ni àwọn àgbà ṣe fi òfin kan lélẹ̀, pé àdúgbò kì í dá iṣẹ́ padà. Ohun yòówù kí oníbàárà gbé wá, bí kò bá ti jẹ́ jìbìtì, a ó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnìkan ní àárín bá kọ̀, ebi á pa àwọn tó wà níwájú rẹ̀ àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún náà ni ìkéde ìjọba dé pé kí gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò láàárín ilé, kí wọ́n kó lọ sí ibùdó tuntun kan tó jìnnà réré. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ńlá lè kó lọ. Ta ló máa kó àwọn aláká-bébà lọ? Ta ló máa kó oníkọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àtẹ̀gùn? Gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá tú àdúgbò náà ká, kò ní ṣe é kó jọ mọ́. A pe ìpàdé. Àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ gígùn, èmi náà sọ tèmi, ó tilẹ̀ gùn ju ti gbogbo wọn lọ. Sìkírá dìde lẹ́yìn mi. Ó ní, "Ibí ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Ibí la wà." Ó sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ènìyàn mú lọ sílé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ọmọdé ti ń fi ṣeré: "Ibí la wà o!" A tẹ̀ ẹ́ sórí bébà pélébé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìdìbò káńsù sì sún mọ́lé, ẹgbẹ́ fa Sìkírá kalẹ̀ láti du ipò káńsẹ́lọ̀, kí á lè ní ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún wa níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọjọ́ tí a ṣe ìwọ́de lọ sí Fádèyí láti tako ìkéde náà ṣe rí. Wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Láti kékeré ni ìró wọn ti wà létí mi, n kò sì mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ àfi ọjọ́ tí n kò gbọ́ ọ mọ́. A ń gbọ́ bàtà ara wa. Sìkírá wà níwájú, ìbòrí funfun lórí rẹ̀, íǹkì dúdú ní èékánná rẹ̀ tí kò tíì fọ̀ kúrò. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

"Púrọ̀fẹ́sọ̀, ṣé ò ń rìn ni àbí ò ń kọ̀wé?"

"Mò ń ṣe méjèèjì."

"Kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí o rí ọ̀kan ṣe dáadáa nínú ẹ̀!"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn. Mo ti rí ìwọ́de tó tóbi jù ú lọ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti àdúgbò mi àti ti ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Alátakò wa ni Gànìyù, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Àdúgbò. Lóòótọ́ ni wọ́n bí i sí Ṣómólú, ṣùgbọ́n ó ti kó lọ sí apá ibi tí omi kì í ti í yalé láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bí ó bá dé ibi òkú, òun ló máa sunkún ju olókùú lọ. Ó máa ń pe gbogbo arúgbó ní "ìyá mi", inú wọn á sì dùn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ń wò ó, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú, nítorí mo rò pé mo ti ka irú rẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Ẹ̀gbá ránṣẹ́ pè wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Bàbá Ẹ̀gbá ni alága ẹgbẹ́ nígbà náà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n tẹ́ àwòrán pósítà kan sórí tábìlì. Ojú Gànìyù ló kún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé IBÍ LA WÀ. Iṣẹ́ ńlá ni, àwọn ènìyàn Gànìyù ló gbé e wá, wọ́n sì fẹ́ kó jáde kíákíá.

"Olè paraku!" ni ẹnìkan kígbe. "Ọ̀rọ̀ ẹnu Àlàájà nìyẹn!"

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí á tẹ èyí. Mo ti rí irú rẹ̀ níbi púpọ̀. Bí irú ọkùnrin yìí bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ìyà ń jẹ, kì í pẹ́ tí àwọn fúnra wọn á fi gbàgbé pé àwọn ló ni ín."

Bàbá Ẹ̀gbá mi orí. "Ọmọ mi, o ṣeun. Nígbà tí mo ti Abẹ́òkúta dé ibí, ṣọ́jà ló wà lórí oyè. Iṣẹ́ ṣọ́jà wá, a tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń bú ṣọ́jà wá, a tẹ̀ ẹ́. Orí ẹ̀rọ kan náà ni. Ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í yàn wá."

"Bàbá, ṣọ́jà kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa lọ," ni mo fèsì.

Bàbá Ẹ̀gbá yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Sìkírá ni wọ́n ń wò, gbogbo yàrá náà sì ń wò ó. Ó fa àwòrán náà mọ́ra, ó wò ó fínnífínní bí ẹni tó fẹ́ dá owó lé e.

"Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Bí a bá dá a padà, á gbé e lọ sí Mushin, á sì máa sọ kiri pé àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ò gba iṣẹ́ ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Kí la máa wá sọ fún àwọn tó ní kí á kúrò? Ṣèbí ohun tí à ń sọ fún wọn ni pé gbogbo ayé ló nílò wa. Orí ẹ̀rọ bàbá mi ni kí ẹ gbé e sí, òun ló tóbi jù."

"Sìkírá! Pósítà ẹni tó fẹ́ gba ipò mọ́ ọ lọ́wọ́?" ni mo kígbe.

"Bọ́sẹ̀, èwo nínú ipò? Àdúgbò yìí ni mò ń wá, kì í ṣe ipò."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo lọ dúró ti ẹ̀rọ náà nítorí n kò gbà á gbọ́. Sìkírá fa bébà kan yọ, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, ó sì pe ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. "Ojú ẹ̀ pọ́n jù. Ẹ dín pupa kù."

"Ìwọ lo tún ń tún ojú rẹ̀ ṣe?" ni mo bi í.

"N kò lè jẹ́ kí iṣẹ́ burúkú ti orí ẹ̀rọ bàbá mi jáde." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ wò ó bó ṣe wá dára. Ó yẹ kó wá dúpẹ́."

Láti Abúlé Òkúta dé Fádèyí, ara ògiri ò gba nǹkan mìíràn mọ́. Pósítà Sìkírá tí a tẹ̀ ní dúdú àti funfun sọnù sáàárín wọn. Níbi tí Gànìyù bá ti gun orí tábìlì, á kígbe pé "Ibí la ...", àwọn ènìyàn á sì parí rẹ̀ fún un. Mo dúró lẹ́yìn èrò lẹ́ẹ̀kan, mo rí àwọn tí a jọ rìn, tí wọ́n ń dá a lóhùn. Kì í ṣe pé wọ́n yẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì dáhùn sí i.

Lọ́jọ́ ìdìbò, mo bá Ìyá Wàsíù pàdé nígbà tó ń kúrò níbi tó ti tẹ̀ka. Aláká-bébà ni, ó sì wà ní ìlà iwájú lọ́jọ́ Fádèyí. Mo bi í bóyá a ó wọlé. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màámi. Òótọ́ ni ẹ̀yin àti Àlàájà sọ. Ṣùgbọ́n Gànìyù ló mọ àwọn tó wà lókè. Ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri. Ṣé ó wá lè sọ pé òun ò sọ ọ́?"

"Bí kò bá wá ṣe é ńkọ́?"

"Ah, a ó tún rìn lọ sí Fádèyí nìyẹn o!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ kan mi léjìká bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú.

Ì bá rọrùn fún mi láti sọ fún yín pé àwọn jàǹdùkú gbé àpótí ìbò sá lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ṣùgbọ́n ojú wa ni wọ́n ti ka ìbò, Gànìyù sì fi ẹ̀yìn wa balẹ̀ gbàgà. Àwọn ènìyàn wa ló dìbò fún un, nítorí ọ̀rọ̀ wa.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Sìkírá pè mí wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n wọlé.

"Gànìyù ránṣẹ́ sí mi," ni ó wí. "Ó ní kí n wá ṣe olùdámọ̀ràn fún òun lórí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Mo sì ti gbà."

"Orúkọ rẹ ló fẹ́ gbà báyìí, lẹ́yìn tó ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ."

"Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, Bọ́sẹ̀."

"Irú omi wo lo fẹ́ dà nínú ilé Gànìyù? Mo mọ bó ṣe ń parí, Sìkírá. Mo ti rí i."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwọ máa kọ̀wé nípa wa, o ò sì ní parọ́ mọ́ wa. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa la máa gbé ibí."

Mo yí padà, mo lọ. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, àwa sì ti ṣeré kọjá ìyẹn. Nígbà tí a tún pàdé, níbi ìsìnkú Bàbá Ẹ̀gbá, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ma." Ọmọ tí a jọ fi ẹ̀pà jẹ gààrí ló fi "ẹ" kí mi. Mo dá a lóhùn bí ó ṣe kí mi, mo délé, mo sì sunkún. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi rárá. Mo máa ń gba ibòmíràn kọjá kí n má bàa rí i, síbẹ̀ bí mo bá rí obìnrin tó wọ ìbòrí funfun lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń dúró wò bóyá òun ni.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí a jèrè. Ẹ tẹ́tí: ìró ẹ̀rọ ṣì ń dún ní Ṣómólú. Wọ́n gbé ìkéde náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó kó wa lọ sí ibùdó jíjìnnà. Sìkírá sì jókòó sínú ọ́fíìsì Gànìyù títí ó fi rí bẹ́ẹ̀. N kò lè fi ẹnu mi sọ pé kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí a pàdánù kò hàn sójú bẹ́ẹ̀. Ìpàdé tí a ti máa ń bá ara wa jiyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ wá di ibi tí a ti ń gba fílà àti ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Gànìyù. A kò rìn lọ sí Fádèyí mọ́. Gànìyù ti bọ́ sí ipò tó ga ju káńsù lọ, a kò rí i mọ́. Wọ́n sì kàn gbé ìkéde yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, wọn kò fà á ya. Èmi náà kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ìjà náà. Wọ́n kà á ní òkè òkun. N kò mọ ẹnìkan tó kà á ní Ṣómólú. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣáájú àwọn atẹ̀wé ti wọ inú ìjọba lọ, mo sì fún ohun tó ṣe ní orúkọ tí àwa ọ̀mọ̀wé máa ń fún irú rẹ̀, pé ìjọba ti fi ipò fà á mọ́ra.

Gbèsè èsì kan tí mo jẹ yín ló gbé mi dé ibi tí mo dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ pè mí wá sí ìpàdé yín, nítorí ẹ gbọ́ pé ìkéde náà ti ń padà bọ̀, olóṣèlú tuntun kan sì ti ń wá yín kiri. Àníkẹ́ tó ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ló dìde. Ó ní, "Màmá, kí ló mú kí Àlàájà lọ bá wọn? Ṣé ẹ̀rù ni, àbí ó rẹ̀ wọ́n, àbí wọ́n gbà á gbọ́?" Mo dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn ní kíláàsì. Ẹ gbọ́ mi dé òpin, ẹ ṣeun. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ti gbogbo aṣáájú lẹ sọ yẹn. Ti Àlàájà nìkan la fẹ́ mọ̀."

N kò mọ̀ ọ́n. Mo dìde lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, mo lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ti rù.

"Ẹ káàbọ̀ o, Púrọ̀fẹ́sọ̀."

"Sìkírá, àárò rẹ ń sọ mí."

"Ìyẹn lẹ bá wá?"

"Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ fẹ́ mọ ohun tó mú ọ lọ bá Gànìyù. Mo wá èsì tí mo lè fún wọn, n kò rí."

Ó gbé tẹ̀sùbáà sí orí itan.

"Bọ́sẹ̀," ni ó wí, "o bi apẹja. O bi àgbẹ̀. Kò sí ibi tí o ò dé, kò sí ẹni tí o ò bi léèrè ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwọ ò bi mí rí."

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mo jókòó tì í, mo sì bi í.